Ibùdúró Mẹ́rìnlá Lára Ògiri: Àwòrán Ìjìyà Olúwa ti Bruce Onobrakpeya, Bí A Ṣe Kà Á ní Ìkòyí-Ilé

Kí a tó lẹ àwòrán kankan mọ́ ògiri, ìbéèrè kan ni a kọ́kọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: ẹ pa ojú dé, kí ẹ sọ bí Jésù ṣe rí fún wa. Irun gígùn tó dé èjìká, imú tín-ín-rín, ara tó pupa, irùngbọ̀n tí a gé dọ́gba. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ, ìbáà ṣe ẹni tí a bí sí Ìkòyí-Ilé níbí, ìbáà ṣe ẹni tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹsẹ kan nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sọ ọ́. Lára kàlẹ́ńdà ni wọ́n ti rí i. Ní ọdún 1940, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Warner Sallman ya orí Kristi kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀dà káàkiri ayé, òun àti àwọn tó jọ ọ́ sì ti wà lára ògiri pálọ̀ àwọn òbí wa kí a tó mọ̀wé kà. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì a máa sọ pé kò sí ohun tó pa wá pọ̀ mọ́ àwòrán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán wà nínú orí wa, ó sì ti ń túmọ̀ Bíbélì fún wa tipẹ́. A kàn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí ni.

Ìyẹn ló mú kí a tẹ ẹ̀dà àwòrán mẹ́rìnlá sórí bébà, tí a lẹ̀ wọ́n yí gbọ̀ngàn wa ká, kí a lè mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn láti ọ̀kan dé èkejì bí wọ́n ti ń mú àlejò rìn nínú mùsíọ́mù. Iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya ni, ọmọ Urhobo tí a bí ní Agbarha-Otor ní 1932. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, àwọn tó fẹ́ kí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa àti èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ òyìnbó wọ inú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe olùkọ́ ní St. Gregory's College ní Ìkòyí (Ìkòyí ti Èkó ni o, kì í ṣe tiwa). Òun náà ló ya àwòrán inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà, nígbà tí Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Àlùfáà Àgùdà kan, Father Kevin Carroll, tó ti ń bá àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ṣiṣẹ́ láti 1947 ní Ọyẹ́-Èkìtì, ló gbé iṣẹ́ Ibùdúró Mẹ́rìnlá lọ́nà Àgbélébùú fún un, fún ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ebute Metta. Ọ̀dà ló kọ́kọ́ fi yà wọ́n. Ní 1969 ló wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn sára líno, tó fi yíǹkì sí i, tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Irú ẹ̀dà bébà yìí ni wọ́n gbé kọ́ ní High Museum ní Atlanta ní 2023, tí àwọn ènìyàn sì tún lọ wò ní Washington ní ọdún kejì rẹ̀. Tiwa kò ní férémù, ìdí ìgò kò sì bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni a rìn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a ṣe é ní àṣìṣe. Ọ̀kan nínú wa tó ṣe amọ̀nà ń sọ ìtàn inú Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ibùdúró kọ̀ọ̀kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe àmín, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, ojú wọn kò sì kan ògiri. Ìwàásù la ṣe. Àwòrán wà níbẹ̀ bí ẹni tí a pè wá sí ìyàwó tí a kò fún ní àga. Ní ọjọ́ kejì, a yí i padà: ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù sọ ohun tó rí, lẹ́yìn náà ni a tó ṣí Bíbélì.

Dúdú àti funfun nìkan ni àwọn àwòrán náà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fún mọ́ra wọn, ojú wọn dà bí ojú tí a fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára igi, aṣọ wọn sì kún fún ọnà bí àdìrẹ. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ojú ní láti wá Olúwa kí ó tó rí i. Ìyá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní, “Ó dà bí ọjọ́ ọjà.” Àwọn mìíràn ka èyí sí àbùkù, wọ́n ní ó yẹ kí Jésù dá yàtọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ yí orí rẹ̀ ká. Àwa gbà pé ìyá yẹn ló ríran jù. Jòhánù sọ pé ibi tí wọ́n ti kàn án sún mọ́ ìlú (19:20), Máàkù sì sọ pé àwọn tó ń kọjá lọ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà (15:29). Ojú ọ̀nà ni, láàrin èrò, láàrin àwọn tó ń ná ọjà àjọ̀dún. Kristi ti kàlẹ́ńdà dá nìkan wà nínú ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń tì í, kò sí ẹni tó ń bú u. Onobrakpeya súnmọ́ ohun tí a kọ ju èyí tí a bá dàgbà lọ.

Ibùdúró karùn-ún ló dá wa dúró pẹ́ jù. Símónì ará Kírénè ni. Ní ọ̀pọ̀ ìwàásù wa, Símónì ni ará Áfíríkà inú ìtàn náà, nítorí pé ilẹ̀ Líbíà ni Kírénè wà. A máa ń fi í yangàn pé ènìyàn dúdú ló bá Olúwa gbé àgbélébùú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wò, ó tún wò, ó ní, “Èwo nínú wọn ni Símónì? Gbogbo wọn ló jọ wá.” Ibẹ̀ ni ìwàásù yẹn ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí Olúwa fúnra rẹ̀ bá ní ojú bíi tiwa, Símónì kò tún lè jẹ́ aṣojú wa nínú ìtàn àwọn ẹlòmíràn. Ará àdúgbò tó ń ti ìgbèríko bọ̀ ni, tí wọ́n fi ipá mú. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà nígbà ìjọba òyìnbó mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. A wá ka ìyókù: Máàkù dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, Alẹkisáńdérù àti Rúfọ́ọ̀sì, bí ẹni pé àwọn òǹkàwé mọ̀ wọ́n, àwọn ará agbègbè Kírénè sì wà ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì (Ìṣe 2:10). Ẹni tí a fi ipá mú lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá jẹ́ pé àwọn ará ìlú rẹ̀ wà níbi tí iná ti sọ̀kalẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bíi tiwa yẹ kó jókòó tì.

Àgbà kan láti inú ìlú bá wa rìn dé ibùdúró kẹwàá, níbi tí wọ́n ti bọ́ aṣọ lára Olúwa. Ẹni tó bá mọ Ìkòyí mọ ohun tí à ń pè ní Èṣọ́: jagunjagun tí a kò gbọdọ̀ bá ọgbẹ́ ní ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń sá ni ọfà ń bá lẹ́yìn. Bàbá náà béèrè pé ibo ni egbò rẹ̀ wà. A ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti nà án. Ó dákẹ́. A ṣí Àìsáyà 50:6, níbi tí ìránṣẹ́ Olúwa ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tó ń lù ú: kò sá, òun ló yí i sí wọn. Bàbá ní òun kò tíì gbọ́ irú ogun bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mélòó ni a ti ń wàásù agbélébùú ní ìlú yìí, tí a kò rántí pé ìtìjú ni egbò ẹ̀yìn létí ọmọ Èṣọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kò wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí. Inú ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ló ti jáde, ó sì sọ fún wa pé ère tó bá lẹ́wà jù ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, pé ẹwà ni ilẹ̀kùn. A kò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ọlọ́run ló ní kí Mósè rọ ejò idẹ (Nọ́ḿbà 21), síbẹ̀ Hesekáyà ní láti fọ́ ọ nítorí pé àwọn ènìyàn ti ń sun tùràrí sí i (2 Àwọn Ọba 18:4). Ní ọwọ́ kejì, Bẹ́sálẹ́lì oníṣọ̀nà ni ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì sọ pé a fi Ẹ̀mí Ọlọ́run kún (Ẹ́kísódù 31:3), ìyẹn sì yẹ kó dun mọ́ àwa tó ń wàásù ìkún Ẹ̀mí. A jẹ́ kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kọjú sí ibi kan tí àwa kò tíì wò. Ẹ wo ojú títì láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibí: bánnà lórí bánnà, ojú pásítọ̀, ojú ìyàwó pásítọ̀, ojú ajíhìnrere tí wọ́n pè, nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, orúkọ Jésù. Sítíkà pásítọ̀ wà lára ilẹ̀kùn àti gíláàsì mọ́tò, àwọn kan sì ń fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó jáde kí jàǹbá má baà ṣe wọ́n. Kò sí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìyẹn.

Lámèyítọ́ kò pé bí a kò bá sọ ibi tó kù sí. Márùn-ún nínú mẹ́rìnlá kò sí nínú Bíbélì: ìṣubú mẹ́ta, ìpàdé Olúwa àti ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, àti Veronica tó fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe ayàwòrán ló dá wọn sílẹ̀. Àṣà Àgùdà ló bá a bẹ́ẹ̀. A kò yọ wọ́n kúrò. A kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé a kò rí i kà, a sì rán ara wa létí pé àwa náà a máa fi kún ìtàn yìí lórí pẹpẹ lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan kan sábẹ́ wa.

Èyí tó wúwo jù ni òpin rẹ̀. Ibùdúró kẹrìnlá ni ibojì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀, wọ́n wo ògiri tó kù, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ọ̀kan sì béèrè pé, “Ṣé ibí ló parí sí?” Fún ẹni tó ń rin ọ̀nà yìí nínú Lẹ́ńtì, tó mọ̀ pé Àjíǹde ń bọ̀, ó lè tó. Fún àwa tí Pọ́ọ̀lù sọ fún pé asán ni ìwàásù wa bí Kristi kò bá jíǹde (1 Kọ́ríńtì 15:14), kò tó, a kò sì ní fi ẹnu dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ náà dára. Ní àwọn ọdún 1950, Ben Enwonwu gbẹ́ Kristi tó jíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni a fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ lẹ́yìn ìdánwò, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ní òun yóò bá wa lọ, ṣùgbọ́n ìta ni òun yóò dúró sí. Ọkọ̀ la ṣì ń wá.