Ẹnu Ni Ẹ̀gà Fi Ń Hun

Ariwo kì í tán ní Ìgbóṣeré. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, dáńfó ń fọn fèrè, àwọn akọ̀wé lọ́yà ń sáré ré títì kọjá lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí igi àgbọn bá ṣẹ́kù sí nínú ọgbà àwọn ilé àtijọ́ Erékùṣù Èkó, bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ̀gà á dé síbẹ̀, àròyé wọn á sì borí gbogbo èyí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń wá sáàárín ènìyàn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń lọ tó ti ń bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ejò àti àṣá kì í fẹ́ débẹ̀. Ìtẹ́ tó wà lórí igi kan ṣoṣo lè ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Akọ ló ń kọ́lé. Òun ni ẹ ó rí tí orí rẹ̀ dúdú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ikùn rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá fẹ́ já ewé, á bà lé ẹ̀gbẹ́ ewé àgbọn, nítòsí ìdí, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá imọ̀. Á fi ẹnu gé etí ewé náà díẹ̀. Bí gígé yẹn bá ti jìn tó ni fọ́nrán yóò ṣe fẹ̀ tó, nítorí náà kì í kánjú níbẹ̀. Á wá di etí tó gé náà mú, á sì fò síhà ṣóńṣó ewé. Fífò yẹn ló ń ya á: fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó gùn ju ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ lọ, á ṣí kúrò lára ewé, á máa fì lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bí gbogbo agbo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀wá nìkan ló ń kù lórí igi, imọ̀ a wá rí bí ìgbálẹ̀. Ewé tútù ni wọ́n ń já. Gbígbẹ kì í tẹ̀, kíkán ló ń kán.

Fọ́nrán àkọ́kọ́ ló le jù, torí kò tíì sí ohun tí yóò hun ún mọ́. Akọ á fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, á fi ẹnu yí orí rẹ̀ ká ẹ̀ka náà, á wá máa gbọn orí, á máa fi ṣóńṣó fọ́nrán gún ibẹ̀ lemọ́lemọ́ títí yóò fi rí àyè kọjá. Bó bá ti kọjá, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á na ọrùn sí òdìkejì, á mú un, á fà á le, á sì dá a padà. Gígún, jíjọ̀wọ́, fífà: ohun tó ń ṣe láti òwúrọ̀ nìyẹn, kì í sì í fo ìkankan nínú wọn.

Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun. Tó bá ti dúró dáadáa, akọ á wọ inú rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì ní yí ojú padà mọ́ títí ilé yóò fi parí. Ibi tí ẹnu rẹ̀ bá lè dé níwájú, ibẹ̀ ni ògiri yàrá ẹyin. Ibi tó bá lè dé lókè ni òrùlé. Bó bá kan ọ̀ọ̀dẹ̀, á tẹ ara sẹ́yìn, á dojú kọ òkè, á máa hun un bọ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò. Ara rẹ̀ ni okùn ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà á já ewé tó fẹ̀ díẹ̀ tí kò ní hun, á máa kì wọ́n bọ abẹ́ òrùlé, ọ̀kan lé òmíràn, títí àjà yóò fi nípọn. Ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà kọjú sí. Òjò Èkó kì í ríbi wọlé.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ náà ń bọ́ sójú àwùjọ. Bí abo kan bá yọ sórí igi, gbogbo akọ á gbé ara kọ́ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà wọn, orí sísàlẹ̀, wọ́n á máa lu ìyẹ́ pìpì kí àwọ̀ ìyeyè abẹ́ rẹ̀ lè hàn. Abo á wọ ọ̀kan. Á fi ẹnu fa ògiri níhìn-ín, á fà á lọ́hùn-ún. Ilé tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó orí koríko tó rọ̀ àti ìyẹ́ wá tẹ́ inú rẹ̀, akọ á sì fi ọ̀fun kúkúrú kan kún ẹnu ọ̀nà. Èyí tí abo kò bá gbà, tí ewé rẹ̀ bá ti ń rọ, akọ tó hun ún ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ tú u palẹ̀, yóò sì tún fi ewé tútù bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú ibẹ̀ gan-an. Lójú tèmi, títú yìí tó iṣẹ́ bí híhun ti tó o. Ẹni tí kò bá sì ṣọ́ tirẹ̀, aládùúgbò á fa fọ́nrán yọ lára ilé rẹ̀, á fi hun ti ara rẹ̀.

Abo náà ní iṣẹ́ àrà tirẹ̀. Àwọ̀ ẹyin abo kan kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti aládùúgbò rẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá: funfun, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ojú ọ̀run, olóbàǹbà tàbí èyí tí kò ní àmì. Ìdí rẹ̀ ni ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, Chrysococcyx caprius, tó máa ń yọ́ yé ẹyin tirẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹ̀gà. Abo tó mọ àwọ̀ tirẹ̀ á ju àjèjì síta. Ó lé ní igba ọdún tí wọ́n ti kó ẹ̀gà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti wà, ọ̀tá yìí kò sì sí níbẹ̀. Ní ọdún 2005, olùwádìí David Lahti fi hàn pé ẹyin ẹ̀gà ibẹ̀ kò yàtọ̀ síra láàárín abo kan sí èkejì bíi ti Áfíríkà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti abo kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu mọ́.

Lórí igi kan náà, ẹ ó rí ìtẹ́ tó wọ́, tí ihò pọ̀ lára rẹ̀. Ti àwọn akọ tí kò tíì gbó ni. Àwọn olùwádìí Nicholas àti Elsie Collias sin ẹ̀gà ní Los Angeles, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1964: àwọn akọ kékeré tí wọn kò fún ní ewé tútù láti fi kọ́ṣẹ́, nígbà tí wọ́n fún wọn nígbẹ̀yìn, fọ́nrán kan kò ṣeé hun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A bí ìfẹ́ híhun mọ́ ẹ̀gà. Bí a ṣe ń fà á le, inú ewé tó bà jẹ́ ló ti ń kọ́ ọ.