Léésà Tó Ń Tú Àṣírí Ìlẹ̀kẹ̀
Mo kan sáárá sí àwọn tó ń fi léésà yẹ ìlẹ̀kẹ̀ dígí àtijọ́ wò. Wọn kì í fọ́ ọ, wọn kì í lọ̀ ọ́. Léésà á kàn bu bíńtín lára rẹ̀ bí eruku. Ojú ihò tó máa ń dá sí i kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Gáàsì á gbé eruku náà wọnú iná ágọ́nì tó gbóná ju ojú oòrùn lọ, ẹ̀rọ á sì fi ìwúwo ṣa àwọn átọ́ọ̀mù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dígí tí wọ́n ti mọ ohun inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò, kí ó má baà purọ́.

Lọ́dún 2018, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde irú àyẹ̀wò yìí lórí ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ jáde. Kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù pọ̀ nínú dígí náà lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti òkè òkun. Ilé-Ifẹ̀ ló yọ́ dígí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn!