Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Lámèyítọ́ Àlàyé Jíìnì lórí Ìfẹ́sọ́nà Kantíkantí

Nínú bébà kékeré yìí, a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ àlàyé kan tó ti di àkọ́sórí nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá: pé jíìnì kan ṣoṣo ló ń darí ìfẹ́sọ́nà kantíkantí. Kòkòrò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀, ó sì ń bà lé ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nínú àwọn ọjà Port Harcourt tí a péjọ sí yìí.

Bí akọ bá rí abo, yóò tẹ̀ lé e, yóò fi ẹsẹ̀ iwájú tọ́ ọ, yóò na ìyẹ́ kan, yóò sì máa gbọ̀n ọ́n kí ó lè dún bí orin. Abo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni láti gbà tàbí láti kọ̀. Ní 2005, Demir àti Dickson, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Vienna, fún abo ní ẹ̀dà ti akọ lára jíìnì tí a ń pè ní fruitless. Àwọn abo náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń gbọ̀n ìyẹ́ bí akọ. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò fojú kéré rẹ̀.

Àléébù àlàyé náà ni pé ibẹ̀ ló dúró sí. Ní 2014, Pan àti Baker fi hàn pé akọ tí kò ní ẹ̀dà yìí, tó sì ń dá gbé, kì í fẹ́ abo sọ́nà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fún ọjọ́ díẹ̀ kọ́ ọ. Jíìnì mìíràn, doublesex, ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà ṣeé ṣe. Ṣáájú wọn, ní 1979, Siegel àti Hall ti rí i pé akọ tí abo bá lé dànù máa ń dẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó jẹ wá lógún nìyí: olùkọ́ tó gbọ́ ìdajì ìtàn yìí lè sọ nípa ọmọ tí ìṣirò ṣòro fún pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ó sì jáwọ́ lára rẹ̀. Kantíkantí kì í ṣe ènìyàn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í díwọ̀n ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá lè kọ́ ohun tí jíìnì kan kò fún un, kí ni ẹ̀rí ẹni tó ní ọmọ ènìyàn kò lè kọ́ ọ?

Àbá wa ni pé kí a máa kọ́ iṣẹ́ 2005 àti ti 2014 pọ̀. Igo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti òwú tó láti fi sin kantíkantí ní kíláàsì. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10, ẹyin á ti di kòkòrò tó ń fò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara wọn wò ó.