Ìṣirò gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Ọwọ́: Àyẹ̀wò Ìwé Conrady lórí Lẹ́ǹsì

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò lẹ́ǹsì ni ó gbà pé ọjọ́ ti lọ lórí Applied Optics and Optical Design, tí A. E. Conrady, olùkọ́ ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, tẹ apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1929. Òótọ́ ni pé lọ́gárídíìmù, tí ń sọ ìlọ́po di àròpọ̀, ni ìṣirò ibẹ̀ dá lé. Ṣùgbọ́n èdè ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́ ni èdè ìwé náà, iṣẹ́ tí ó sì ń kọ́ni kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ìtànṣán bá fi igun 30° wọ dígí tí ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n 1.5, sáìnì rẹ̀, 0.5, ni a ó fi 1.5 pín, igun inú dígí yóò jẹ́ 19.47°. Ẹni tí ó bá gba àbùjá, tí ó pín igun fúnra rẹ̀, yóò rí 20°. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán etí lẹ́ǹsì àti ti àárín pàdé lójú kan, tí àwòrán fi ń rí bàìbàì.

Ibi tí ọgbọ́n Conrady ti yọ jù ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Dígí kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti aró bákan náà. Dípò kí a ṣírò méjèèjì lọ́tọ̀, ó ní kí a tọ ipasẹ̀ ìtànṣán etí kan ṣoṣo. Nínú dígí kọ̀ọ̀kan, a ó yọ ìnípọn àárín kúrò nínú gígùn ọ̀nà tí ìtànṣán náà gbà, a ó sì fi ìyàtọ̀ ìwọ̀n ìtẹ̀ àwọ̀ méjèèjì sọ ọ́ di púpọ̀. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ òdo, àwọ̀ méjèèjì bára mu. Kọ̀ǹpútà kò nílò ìrọ̀rùn yìí. Ẹni tí ó jókòó tì í ni ó nílò rẹ̀, nítorí iye kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí dígí tí ó ń fa àbùkù àti èyí tí ó ń wò ó sàn.

Àléébù ìwé náà kì í ṣe lọ́gárídíìmù. Ìtànṣán tí ó wà lójú pẹrẹsẹ kan náà pẹ̀lú ìlà àárín lẹ́ǹsì ni ó gba iwájú nínú rẹ̀. Èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìṣirò rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà fi sábà ń yẹra fún un. Nígbà tí apá kejì, tí Rudolf Kingslake parí lẹ́yìn ikú Conrady, jáde ní 1960, kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀.