Ẹkún Méjì Nínú Fíìmù "Up"

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Up rí á ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí: "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló pa mí lẹ́kún o, eré ọmọdé ni ìyókù." Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tó bá ọmọ wọn wò ó, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pàápàá. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹkún méjì ló wà nínú fíìmù náà. Àkọ́kọ́ rọrùn láti sun. Ìkejì ni iṣẹ́ gidi wà nínú rẹ̀, òun ló sì sọ ohun tí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí fún wa.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ilé-iṣẹ́ Pixar ló gbé e jáde ní 2009. Pete Docter ni olùdarí rẹ̀, Bob Peterson sì ṣe igbákejì rẹ̀. Òun ni kátúùnù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣí àjọ̀dún fíìmù Cannes, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar méjì ní 2010, ọ̀kan fún kátúùnù tó dára jù lọ, ìkejì fún orin tí Michael Giacchino kọ. Ìtàn Carl Fredricksen ni, bàbá ẹni ọdún 78 tí ìyàwó rẹ̀, Ellie, ti kú. Ó so bàlóònù ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́ ilé rẹ̀, ilé sì gbéra sọ sójú òfuurufú, ó kọrí sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ létí omi kan tó ń já bọ́ látorí òkè, irú ti Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ́dọ̀ tiwa, èyí tí òun àti Ellie ti ń lálàá rẹ̀ láti kékeré. Kò mọ̀ pé ọmọdékùnrin kan, Russell, wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà nígbà tó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti ń sunkún. Láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú 4, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan, a rí ìgbéyàwó Carl àti Ellie láti ọjọ́ ìyàwó títí dé ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n tún ilé àtijọ́ kan ṣe. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí koríko, wọ́n ń wo ojú ọ̀run, gbogbo ìkúùkù sì ń di ọmọ ọwọ́ lójú wọn. Wọ́n kun yàrá ọmọ. Lẹ́yìn náà a bá wọn lọ́dọ̀ dókítà, Ellie dorí kodò. Wọ́n wá ń sọ owó sínú ìgò tí wọ́n fi ṣe kóló, owó ìrìnàjò sétí omi yẹn, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ á bẹ́, ẹsẹ̀ á dá, igi á wó lu òrùlé, wọ́n á sì tún fọ́ kóló. Táì tí Ellie ń bá Carl so lọ́rùn ń yí padà láti ọdún dé ọdún, irun wọn ń funfun. Nígbà tí Carl rántí ra tíkẹ́ẹ̀tì níkẹyìn, ara Ellie ò gbé e mọ́.

Ìmọ̀ èdè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá yà síbẹ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn Yorùbá, ìmọ̀lára ló máa ń wà ní ipò olùwà, ènìyàn á wá wà ní ipò àbọ̀. Àánú ló ń ṣe wá. Àárò ló ń sọ wá. Ṣùgbọ́n àánú àti àárò kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí a gbà pé nǹkan kan kù fún ni àánú rẹ̀ máa ń ṣe wá. Ẹni tí a ti bá gbé, tí ayé wa kún nítorí rẹ̀, ni àárò rẹ̀ máa ń sọ wá. Àárò ló ń sọ Carl. Àwa tí a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, àánú ló ń ṣe wá.

Kí ni a gbà pé ó kù fún Ellie? Ohun méjì: kò bímọ, kò sì rí ìrìnàjò rẹ̀ lọ. Yorùbá tó ń wò ó, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ gún un lọ́kàn. Ṣé àwa náà kọ́ là ń ṣàdúrà níbi ìgbéyàwó pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní? Àwa náà la ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ayé Ellie, òfò pátápátá ni: ọkọ ló sin ín, kò sí ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ̀yà! Ó mà ṣe o!" ni a ó wí, omijé á sì bọ́. Fíìmù náà mọ̀ pé báyìí ni a ó ṣe, ó sì jẹ́ ká ṣe é.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Ellie kékeré ò lè dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí omi, Carl kékeré kàn ń wò ó ni. Elie Docter, ọmọ olùdarí fíìmù náà gan-an, ló fi ohùn rẹ̀ ṣe Ellie kékeré yìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ellie ti di ìyàwó, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó dàgbà, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàìsàn, ó kú, etí wa ò gbọ́ gbólóhùn kan. Carl ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Ó ń bá ilé sọ̀rọ̀, ó ń pe ilé ní Ellie. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí a rò pé Ellie ń fẹ́ kó tó kú, ẹnu Carl la ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rí ọkàn tó ń da bàbá yìí láàmú la gbà bí ẹni gba ẹ̀rí ní kóòtù, láìpe obìnrin náà kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé yẹn fi lágbára tó bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni Ellie ti ní ìwé kan tó ń lẹ àwòrán mọ́, ó sì fi àwọn ojú ewé ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ohun tí òun máa ṣe lọ́jọ́ iwájú. Carl gbà pé òfìfo ni wọ́n. Nígbà tí ilé ti gúnlẹ̀ létí omi, tí ohun gbogbo rí bó ṣe fẹ́ kó rí, tí kò sì sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ṣí ìwé náà. Àwọn ojú ewé yẹn kún. Àwòrán ìgbéyàwó wọn ló wà níbẹ̀, àti ti ọjọ́ lásán, ọjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ ju pé àwọn méjèèjì jọ wà. Ní ìparí rẹ̀, Ellie fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ fún ìrìnàjò náà, kí Carl lọ wá òmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí Ellie àgbà sọ nínú fíìmù nìyẹn, kíkọ ló sì kọ ọ́. Orin tí Giacchino fi bá ìgbéyàwó wọn rìn tún padà wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lórí pìánò.

Níbí ni ẹkún kejì wà, kì í sì í ṣe ẹkún àánú. Ohun tí à ń káàánú rẹ̀ lórí, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti fún un lórúkọ, ó pè é ní ìrìnàjò. Ó ti lọ, ó ti dé, ó sì dúpẹ́. Fíìmù náà ò sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò dùn ún o. Orí tó dà kodò lọ́dọ̀ dókítà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ìrora yẹn kọ́ ni orúkọ ayé rẹ̀. Tọkọtaya mélòó ló wà ládùúgbò wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, níbi àríyá, tí a ń fojú àánú wò lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n rí pé báwo lẹ̀yin náà ṣe ń ka ayé yín? A kàn ń gbàdúrà lé wọn lórí ni.

Lẹ́yìn ìwé yẹn ni Carl tó lè gbéra. Ó ju àga àti tábìlì síta kí ilé lè fúyẹ́, ó lọ gba Russell sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ilé bá àwọsánmà lọ níkẹyìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí àwa ní "ilé" kan ṣoṣo: ọ̀kan fún ògiri àti òrùlé, ọ̀kan fún ibi tí ọkàn ẹni wà. Carl ní láti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kó tó lè jẹ́ kí ògiri lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí bàbá Russell ò yọjú níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ náà ní báàjì, Carl jáde sí i, ó sì fi ìdérí ìgò mínírà tí Ellie fún òun ní kékeré há a láyà. Inú mi dùn pé wọn ò pe Russell ní ọmọ Carl. Kò wá dípò ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì jókòó sétí títì, wọ́n ń lá áísìkirimù, wọ́n ń ka mọ́tò tó ń kọjá, ó tán.

Àléébù wà nínú fíìmù yìí, ẹ má jẹ́ ká fi omijé bò ó. Muntz, ọ̀tá Carl, ti dàgbà nígbà tí Carl ṣì wà lọ́mọdé, síbẹ̀ ó ń fi idà jà, ajá sì ń wa bààlúù lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo yẹn pọ̀ jù lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ tí ìwé Ellie dá sílẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ò gbé ilẹ̀ yẹn. Omi tí wọ́n wò láti fi ya ti inú fíìmù wà ní Fẹnẹsúẹ́là, ó ga tó mítà 979. Ilẹ̀ àwọn Pemón ni, Kerepakupai Merú sì ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí Angel Falls nítorí Jimmie Angel, awakọ̀ bààlúù ará Amẹ́ríkà tó fò kọjá níbẹ̀ ní 1933. Nínú fíìmù, a rí ẹyẹ, a rí ajá, a ò rí Pemón kan. Fíìmù tó kọ́ wa pé ká má gba ẹnu ẹlòmíì sọ̀rọ̀ fún Ellie, òun náà gba ilẹ̀ onílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di òfìfo.

Síbẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó rí, ẹ tún un wò, ẹ má dìde lẹ́yìn ẹkún àkọ́kọ́. Tí ẹ bá dé ibi ìwé yẹn, ẹ wo ohun tó ń ṣe yín: ṣé àánú ni, àbí àárò?