Abẹ, Iná àti Omi: Àtúngbéyẹ̀wò Omi Inú Oríkì Ògún

Ní ilé-ìwé girama kan ní agbègbè Pleasure, ní Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tí a lọ bẹ̀ wò lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì Ògún. Nígbà tí ó dé ibi tí oríkì náà ti sọ pé òrìṣà yìí ní omi nílé ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ń wẹ̀, ó ṣe àlàyé tí gbogbo wa mọ̀: ìkà ni Ògún. Ọmọ kan wá bèèrè pé kí ni omi ń ṣe nílé rẹ̀ nígbà náà. Olùkọ́ kò rí èsì fọ̀; àwa tí a wá wo iṣẹ́ rẹ̀ náà kò rí.

Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti tẹ The Content and Form of Yoruba Ijala jáde ní 1966 ni a ti ní ìjálá lákọsílẹ̀ tí a lè fi kọ́ni. Síbẹ̀, nínú kíláàsì wa, ohun tí à ń tẹnu mọ́ kò ju gbígbóná, ogun àti ẹ̀jẹ̀ lọ. Òwe alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan pàápàá, lílù nìkan ni ó mọ̀. Ta ni ó ń bi alágbẹ̀dẹ léèrè ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn lílù?

Ẹ jẹ́ kí a wo abẹ, irinṣẹ́ Ògún tí ó sún mọ́ ara ènìyàn jù: onígbàjámọ̀ fi ń fá orí, olóólà fi ń kọlà. Kì í ṣe gbogbo irin ni ó lè di abẹ. Kábọ́ọ̀nù inú ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé kò tó fún un. Fáìlì àlòkù tàbí sípírìngì ọkọ̀ ni ó dára. Alágbẹ̀dẹ yóò fi ewìrì fẹ́ná títí irin náà yóò fi pọ́n. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa irin mọ́. Ó ní láti gbóná kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí ibòji àgbẹ̀dẹ fi wúlò. Ìgbà náà ni yóò rì í bọ omi tàbí òróró. (A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún “ìrìbọmi”, àwọn onígbàgbọ́ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn.) Òróró kì í tètè mú irin tutù bí omi, èyí sì dára fún abẹ tí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí omi lè mú kí ó lọ́ tàbí kí ó là. Abẹ tí ó jáde níbẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí ìgò ni. Bí ó bá bọ́ lulẹ̀, ó lè ṣẹ́. A ó tún fi han iná díẹ̀, ní nǹkan bí 200, títí ara rẹ̀ tí a ti dán yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ.

Bí a bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ oríkì náà, omi ilé Ògún lè má jẹ́ omi ìwẹ̀ tí ó kọ̀ sílẹ̀. Omi àgbẹ̀dẹ ni, èyí tí abẹ kọ́kọ́ mu kí ó tó dé ọwọ́ olóólà, kí ó tó mu ẹ̀jẹ̀. Ètò gbólóhùn náà gbè wá lẹ́yìn: omi ṣáájú, nílé, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni Ògún tí a rí níbẹ̀ kí ó tó di jagunjagun.

A kò sọ pé ìtumọ̀ àtijọ́ ti wó. Ọ̀rọ̀-ìṣe “wẹ̀” ta ko tiwa gidigidi, nítorí ènìyàn ni ó ń wẹ̀, abẹ kì í wẹ̀ àfi nínú àfiwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ já wa ní koro, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bèèrè yẹn kò tí ì rí olóólà rí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀, kílípà oníná sì ni wọ́n fi ń gẹ irun rẹ̀. Àlàyé olùkọ́ lè jẹ́ àgbẹ̀dẹ kan ṣoṣo tí yóò wọ̀. Nítorí náà ni a ṣe dá akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà padà sí kíláàsì pẹ̀lú ègé fáìlì méjì láti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ: ọ̀kan tí a yọ nínú iná tí a jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, èkejì tí a rì bọ omi. Ti àkọ́kọ́ tẹ̀. Ti èkejì ṣẹ́.