Ọwọ́ Kò Lè Ya Ohun Tí Ọkàn Kò Mọ̀

Àwọn olùkọ́ kan a máa wí pé ọmọ tí ó mọ àwòrán yà kò ní ohun tí yóò fi ìtàn, ewì àti èdè ṣe. "Ẹ jẹ́ kí ó máa yàwòrán rẹ̀," ni wọ́n ń wí, "iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀." Àánú ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àánú náà ń pa ọmọ lára. Àwa fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà méjì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Èkíní ni ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. A pàtẹ rẹ̀ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Ó sì wà ní British Museum títí di òní. Bí Ògògà ti gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àlejò ni a gbẹ́ sára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ọba jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé rẹ̀, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ni ó ń bọ̀, tí a gbé e lórí àga, tí ó ká jọ bí ẹni tí àyè kò gbà. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ onílé, yóò sì mọ àlejò.

Bí ẹnìkan bá wí pé Ọlọ́wẹ̀ kò kọ́ ìwé bí tiwa, àwa kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n òpè kọ́ ni. Ẹni tí kò mọ ìtàn ìlú, oríkì ọba àti ètò ààfin kò lè pín ipò fún ènìyàn báyìí lára igi. Ohun tí àwa ń wá nínú ìwé, etí ni a fi ń gbà á nígbà náà.

Èkejì ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Zaria. Ní ọdún 1958, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ọ̀nà Yúróòpù ni a fi ń kọ́ wọn. Wọn kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé kò tó. Wọ́n ń péjọ, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì ń wá ìtàn àwọn baba wọn rí. Okeke tilẹ̀ kó àlọ́ Ìgbò jọ. Nígbà tí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde ní ọdún 1968, Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ni ó ya àwòrán inú rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa gbé múlẹ̀. Ayàwòrán lè ya ìkòkò tí ó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wá jókòó kí a lè yà á? Inú ọ̀rọ̀ nìkan ni Àgbákò ń gbé. Ẹni tí kò bá lè kàwé títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rí i, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tẹ̀ lé.

Àwa kò sọ pé ìwé tó. Ìwé kì í gbẹ́ igi. Ẹni tí ó mọ gbogbo ìtàn tí kò sì mú ọ̀bẹ kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò ní ìmọ̀ yóò máa ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn títí ọjọ́ ogbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe lé ayàwòrán jáde nígbà ẹ̀kọ́ ìtàn. Kí ó tó ya Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, ẹ jẹ́ kí ó ka orí ìwé náà tán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó ya ọba ìlú yín, ẹ lọ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, àti ìdí rẹ̀.